Yíyan Àga Oníkéènì Àtijọ́ Tó Ní Ọnà Lára

Àga oníkéènì ni àga tí egungun rẹ̀ jẹ́ igi, tí wọ́n sì fi èèpo pankẹ́rẹ́ hun ìjókòó rẹ̀ tàbí ìfẹ̀yìntì rẹ̀, tàbí méjèèjì pọ̀. Èyí tí orí ìwé yìí dá lé ni èyí tí ọ̀gbẹ́nà ti fín òdòdó, ewé, ìkarahun tàbí ìlà oríṣiríṣi sára igi rẹ̀, tó sì ti pẹ́ láyé kí ó tó dé iwájú ẹni tó fẹ́ rà á. Ní agbègbè Ìkẹjà, Aláúsá, Ọ̀gbà àti Agége, irú àga bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ó ń jáde láti ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkẹjà GRA, láti ilé ẹbí nígbà tí àwọn ọmọ bá ń pín ogún, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀, àti láti gbàǹjo ọ́fíìsì. Rírí rẹ̀ kò le. Mímọ èyí tó yẹ kí èèyàn gbé wọlé ló ń fẹ́ ojú.

Nǹkan méjì ló para pọ̀ di àga náà, àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba. Kéènì ń gbó, ó ń já, wọ́n sì ń hun òmíràn sí ipò rẹ̀. Àga tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lè ti pààrọ̀ kéènì lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi ni kò ní arọ́pò. Síbẹ̀, ibi tí kéènì ti já ni ojú ọ̀pọ̀ olùrà máa ń kọ́kọ́ lọ. Wọn á fi àga tí igi rẹ̀ le koko sílẹ̀ nítorí ihò kan nínú ìjókòó, wọn á sì sanwó lórí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun kéènì tuntun sí, tí kòkòrò sì ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán nínú. Àwọn tó ń tà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń hun kéènì tuntun sí àga kí wọ́n tó gbé e síta.

Bí àga yìí ṣe dé Èkó

Pankẹ́rẹ́ ń hù nínú igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, òun sì ni àwọn tó ń hun àga ní Mende, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Maryland, ní ibi tí ará Èkó mọ̀ sí Cane Village, fi ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kéènì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi hun àga àtijọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù wá láti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò Họ́láǹdì àti ti Gẹ̀ẹ́sì ló kó o dé Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Lẹ́yìn tí Ọba Charles Kejì padà sórí ìtẹ́ ní 1660, tí iná ńlá sì jó Lọ́ńdọ̀nù ní 1666, ilé tuntun gba àga tuntun, àga oníkéènì tó ní ọnà gíga lórí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì gbòde. Nígbà tó máa fi di apá ìparí ọ̀rúndún náà, àwọn oníṣòwò aṣọ irun àgùntàn ti fẹ́ kí ìjọba fòfin dè é, nítorí kò lo aṣọ. Àwọn tó ń ṣe é kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin, wọ́n ní ó tó 6,000 dọ́sìnnì àga àti ohun èlò oníkéènì tí àwọn ń ṣe lọ́dún, àti pé ó lé ní 2,000 dọ́sìnnì nínú rẹ̀ tó ń lọ sí àwọn ilẹ̀ olóoru. Ohun tí wọ́n fi gbèjà ọjà wọn ni pé ó fúyẹ́, ó lálòpẹ́, kò sì gba eruku àti kòkòrò bí àga aláṣọ. Ẹni tó bá ti jókòó sórí àga aláwọ ní Èkó lọ́sàn-án oṣù kẹta, tí iná kò sí, mọ ìdí tí àwọn ilẹ̀ olóoru fi ń rà á: atẹ́gùn ń gba inú kéènì kọjá.

Ọ̀nà mẹ́ta ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn Àgùdà, àwọn tó padà bọ̀ láti Bràsíl àti Cuba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó. Káfíńtà, bíríkìlà àti ọ̀gbẹ́nà pọ̀ nínú wọn. João Baptista da Costa, tó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ilẹ̀ Potogí àti Bràsíl ti mọ àga oníkéènì dáadáa, nítorí náà àwọn Àgùdà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ nígbà tí wọ́n dé. Ẹni tí ìdílé kan bá ń ta àga fún, tí wọ́n ní ọwọ́ baba ńlá àwọn ni, lè lọ wo àwọn ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ṣẹ́kù ní àdúgbò náà, kí ó fi òdòdó àti ìlà ara wọn wé ti àga náà. Kí ó sì tètè lọ. Ìlọ́jọ̀ Bár ní Tinúbú, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wọ́n ti wó o palẹ̀ ní 2016.

Ọ̀nà kejì ni ti ìjọba amúnisìn. Ẹ̀ka iṣẹ́ òde, PWD, ló ń pèsè àga àti tábìlì sí ilé àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn kọ̀ńdọ́ ní ibùdókọ̀ PWD lójú ọ̀nà Agége Motor Road. Ìrókò àti ọ̀gánwó ni igi wọn, wọ́n wúwo, wọ́n sì le. Ṣùgbọ́n PWD kì í ṣe ilé iṣẹ́ ọnà. Àga rẹ̀ jẹ́ igi gbọọrọ tí ọ̀ṣọ́ rẹ̀ kò ju ìlà kan tàbí méjì lọ. Bí ẹni tó ń tà bá wá gbé àga tí ewé àjàrà kún gbogbo ara rẹ̀ síwájú, tó ní PWD ni, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé ẹlòmíràn ló fín in lẹ́yìn náà, tàbí pé irọ́ ló ń pa. Àmì tó dára jù fún irú àga ìjọba bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ tàbí tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ sábẹ́ ìjókòó.

Ọ̀nà kẹta ni tòkunbọ̀, òun ló sì pọ̀ jù lónìí. Inú kọ̀nténà tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀pọ̀ àga oníṣẹ́ ọnà ti àwọn ọdún 1910 sí 1930 ti ń wá: àga ńlá méjì àti èyí tó gùn kan, tí kéènì wà ní ẹ̀gbẹ́ àti lẹ́yìn wọn, tí igi wọn sì ní ọnà ní etí. Àwọn tó jọ ti ọba ilẹ̀ Faransé náà wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn máa ń wọ́, òdòdó kékeré á sì wà láàárín orí ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí ni àfarawé tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Nínú ẹrù kan náà ni èèyàn ti lè rí àga Thonet, èyí tí Michael Thonet ṣe ní Vienna ní 1859. Igi mẹ́fà tí wọ́n fi ooru tẹ̀, síkúrù mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tì méjì péré ló para pọ̀ di odindi àga. Kò ní ọnà kankan, síbẹ̀ tí wọ́n bá tà á ní owó àga lásán, kí olùrà má ṣe kọ̀ ọ́. Ní ti àga ńlá tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ bí ìrù ọ̀kín, èyí tí ajìjàgbara Huey Newton fi ya fọ́tò olókìkí ní Amẹ́ríkà ní 1967, tí wọ́n sì ń háyà fún ọjọ́ ìbí káàkiri Èkó báyìí, kò sí igi tí wọ́n fín lára rẹ̀. Kò sí lára ohun tí orí yìí ń sọ.

Igi

Kí olùrà kọ́kọ́ gbé àga náà sókè. Ọ̀gánwó, ìrókò, àpá àti tíìkì ní ìwúwo tí apá máa mọ̀. Arère fúyẹ́, ó sì rọ̀. Bí wọ́n bá fi pọ́líìṣì dúdú kùn ún, ojú lè má tètè dá a mọ̀, ṣùgbọ́n èékánná tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́ abẹ́ ìjókòó rẹ̀ á fi ojú àpá sílẹ̀. Wọn kì í sábà fi arère gbẹ́ ẹsẹ̀ àga àtijọ́ olówó iyebíye. Igi ilẹ̀ Yúróòpù tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Igi beech, tí ọ̀pọ̀ àga tòkunbọ̀ fi ṣe egungun, lágbára, ó sì rọrùn láti tẹ̀, àmọ́ kò ní ohun kankan lára tó lè lé ikán àti kòkòrò sẹ́yìn. Ìrókò àti tíìkì ní tiwọn. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù, kí ó ronú dáadáa kí ó tó ra beech.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n dojú àga náà délẹ̀. Abẹ́ àga kì í parọ́ tó ojú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wò, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé nígbà tí wọ́n bá ń fọ ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni ikán fi ń ṣe ẹnu ọ̀nà. Tí ọ̀bẹ kékeré bá wọ inú igi níbẹ̀ láìjà, ẹsẹ̀ náà ti tán. Ihò kékeré tó rí bí ojú abẹ́rẹ́ kò túmọ̀ sí pé kòkòrò ṣì wà nínú igi. Ihò àtijọ́ máa ń dúdú ní etí, eruku á sì ti dí i. Ihò tuntun máa ń funfun nínú, lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́ á sì máa dà jáde lára rẹ̀. Bí ọkàn kò bá balẹ̀, kí wọ́n gbé àga náà sórí nylon dúdú mọ́jú. Tí lẹ́búlẹ́bú bá wà lórí nylon láàárọ̀, kòkòrò ṣì ń jẹun nínú rẹ̀.

Oríkèé ló kàn. Kí olùrà di orí ìfẹ̀yìntì mú lọ́wọ́ kan, kí ó di ẹsẹ̀ iwájú mú lọ́wọ́ kejì, kí ó lọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Àga tó mì díẹ̀ kò burú. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ tí wọ́n fi awọ àti egungun ẹran sè máa ń gbẹ, ooru omi gbígbóná sì lè tú u, kí káfíńtà tún un lẹ̀. Èyí tó burú ni àga tí ẹnì kan ti kan ìṣó mọ́ oríkèé rẹ̀, tàbí tí ó ti da gọ́ọ̀mù alágbára ti òde òní sí i, nítorí kò ní ṣeé tú mọ́ láìfọ́. Àga tí kò mì rárá, tí ìṣó mẹ́ta sì wà ní oríkèé kan, léwu ju èyí tó ń mì lọ.

Ibì kan wà tí àwọn tó ń rà á kì í sábà wò, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àga oníkéènì ń kú sí. Yí etí ìjókòó ká ni wọ́n ti lu ihò tí kéènì ń gbà kọjá, ó lè tó ọgọ́rin ihò lórí àga kan. Ihò tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bẹ́ẹ̀ ń sọ igi di aláìlágbára, pàápàá níwájú, níbi tí itan ń tẹ̀. Tí igi bá ti sán láti ihò kan dé èkejì, tí ìlà sísán náà sì ń bá a lọ dé ihò kẹta, kí olùrà gbé ọwọ́ kúrò. Kéènì tuntun máa ń fà gan-an nígbà tó bá gbẹ, ìfà yẹn nìkan sì tó láti ya igi náà sí méjì. Káfíńtà tó mọṣẹ́ lè fi igi mìíràn rọ́pò etí ìjókòó, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àga, iyì àga náà á sì ti dín kù lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ọnà

Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe nǹkan méjì kí ó dọ́gba pátápátá. Kí wọ́n fi ewé apá ọ̀tún wé ti apá òsì: bí ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ bá wà, ọ̀gbẹ́nà ló fín in. Bí òdòdó mẹ́fà lórí àga mẹ́fà bá jọ ara wọn láìku ẹyọ ìlà kan, ẹ̀rọ ló gbẹ́ ẹ, tàbí kí wọ́n dà á nínú mọ́ọ̀dù. Irú ọnà tí wọ́n dà bẹ́ẹ̀ ń wọ́pọ̀ sí i, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, wọ́n á sì kun ún ní àwọ̀ kan náà. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá fi láti ẹ̀gbẹ́ tàn án máa ń tú u fó. Lára ọnà tòótọ́, ipa ọ̀bẹ á hàn nínú ibi tó jìn, ìlà igi á sì gba inú ewé kọjá láìdúró. Lára èyí tí wọ́n dà, inú rẹ̀ á dán gbọrọ, ìlà igi á sì dáwọ́ dúró ní etí rẹ̀.

Ọnà tó ti gbó ní ibi tó yẹ kó gbó jẹ́ ohun tó dára. Ọwọ́ tó ti di apá àga mú fún ọdún pípẹ́ á ti mú kí orí òdòdó tó wà níbẹ̀ tẹ́ díẹ̀. Ọnà tó wà lókè ìfẹ̀yìntì, tí ọwọ́ kì í sábà kàn, ṣì yẹ kó mú. Tí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ bákan náà, ẹnì kan ti fi sánpépà lọ̀ ọ́ nígbà tó ń pọ́líìṣì rẹ̀, etí ọnà náà kò sì ní padà wá. Èyí ló ń ba àga jẹ́ jù lọ ní Èkó. Ìgbà kì í bà á jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ káfíńtà tó fẹ́ kí àga tàn bí tuntun ni. Ẹni tó bá rí àga tó dúdú, tó dọ̀tí, tí ọnà rẹ̀ sì ṣì mú, ó ti rí ohun tó dára ju èyí tó ń dán lọ.

Kéènì

Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ hun ń gba inú ihò etí ìjókòó kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpele méje ni iṣẹ́ náà: wọ́n á fà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á wá fà á ní ìdábùú láti igun méjèèjì, kí wọ́n tó fi ọ̀já kan bo etí rẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ hun wá ní odindi bí ẹní, wọ́n á gé e, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ìjókòó ká, wọ́n á sì fi ọ̀pá pankẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù dè é mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò gbilẹ̀ títí di àwọn ọdún 1870, nítorí náà àga tí wọ́n bá ní ó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn kò yẹ kó ní kòtò, àfi tí ẹnì kan bá gbẹ́ kòtò náà sí i lẹ́yìn náà. Àga tí ihò àti kòtò jọ wà lára rẹ̀ ti rí ẹni tó fẹ́ dín iṣẹ́ kù.

Fífẹ̀ ọ̀já kéènì tí wọ́n fi ọwọ́ hun máa ń wà láàárín mìlímítà 2 sí 3.5. Bí ihò bá ṣe sún mọ́ ara wọn tó ni kéènì á ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Ẹni tó bá gbé àga lọ sí Mende fún àtúnṣe kí ó tẹnu mọ́ èyí, nítorí kéènì tó fẹ̀ jù nínú ihò tó sún mọ́ra á dí i pa, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù á sì já láìpẹ́. Kí ó tún béèrè bóyá ẹni náà ti hun irú ìpele méje yìí rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ mọ iṣẹ́ pankẹ́rẹ́ ńlá, ti àga ìgbafẹ́ àti agbọ̀n, dáadáa. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni èyí.

Kéènì oníke náà wà lọ́jà. Pankẹ́rẹ́ tòótọ́ ní oríkèé, bí ojú bá tẹ̀ lé ọ̀já kan á rí ibi tó wú díẹ̀ ní àyè kan sí òmíràn. Ike kò ní. Ike náà dára fún ọgbà, níbi tí òjò ti ń pa á, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sanwó àǹtíìkì lórí rẹ̀.

Ìjókòó tó ti tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, tí kò sì já, kò nílò kéènì tuntun. Kí wọ́n dojú àga délẹ̀ lálẹ́, kí wọ́n fi àkísà tí wọ́n bọ inú omi gbígbóná nù ún láti abẹ́, kí omi wọ inú rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ mọ́jú lábẹ́ atẹ́gùn. Kéènì ń sún kì bó ṣe ń gbẹ. Láti abẹ́ ni kí wọ́n ti ṣe é, nítorí èèpo tó ń dán lójú rẹ̀ kì í gba omi. Tí ó bá ti já, ó ti já. Kò sí gọ́ọ̀mù tó lè so ó. Tìmùtìmù tàbí fóòmù tí ẹni tó ń tà kàn mọ́ ìjókòó gbọ́dọ̀ di gbígbé sókè kí owó tó jáde lápò, torí abẹ́ irú fóòmù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi páálí igi bo kéènì tó já mọ́.

Ọjọ́ orí

Láàárín àwọn oníṣòwò káàkiri ayé, ohun tó bá ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ń pè ní àǹtíìkì. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, tó sì ti pé ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, jẹ́ ohun àtijọ́ lásán, owó rẹ̀ kò sì yẹ kó dọ́gba. Síkúrù ni ẹlẹ́rìí tó yá jù. Èyí tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú kò wọ ọjà títí di àwọn ọdún 1930. Tí gbogbo síkúrù àga kan bá jẹ́ irú rẹ̀, kí olùrà béèrè bí àga náà ṣe wá jẹ́ ti ayé Ọbabìnrin Fìkítóríà. Pín-ìn-nì tí wọ́n fi ìbọn yìn jẹ́ ti òde òní. Èèkàn igi tí wọ́n fi de oríkèé àga tó ti pẹ́ kì í rí róbótó mọ́, torí igi ń sún kì ní ìhà kan ju èkejì lọ. Ìka tó bá fọwọ́ kàn án á mọ̀ pé ó ti yọ sókè díẹ̀. Abẹ́ ìjókòó á ti ṣú, kò sì ní ṣú bákan náà. Tí abẹ́ rẹ̀ bá dúdú ní àwọ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n fi àkísà tó ní sípírítì díẹ̀ nù ún: àwọ̀ ọjọ́ orí kì í bá àkísà lọ, pọ́líìṣì bàtà ń bá a lọ.

Fọ́tò ẹbí wúlò ju ìwé ẹ̀rí lọ. Àwọn ayàwòrán àtijọ́ fẹ́ràn àga tó ní ọnà, orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ìyá àgbà jókòó sí. Bí ìdílé kan bá sọ pé àga náà ti wà nílé àwọn láti ayé baba ńlá, kí olùrà rọra béèrè bóyá fọ́tò kan wà tí àga náà hàn nínú rẹ̀.

Gbàǹjo, ìwé àti òfin

Ní Aláúsá, níbi tí Sẹkitéríàtì Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà, ohun èlò ọ́fíìsì tó bá gbó máa ń di ohun tí wọ́n ń kó jáde. Kí ẹnikẹ́ni má fojú tín-ín-rín irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ní Chandigarh, ní ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n kó àga tíìkì oníkéènì tí Pierre Jeanneret yàwòrán rẹ̀ fún àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní àwọn ọdún 1950 dà síta bí ìdọ̀tí, wọ́n sì ń lu ú ní gbàǹjo ní owó igi ìdáná. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń ta ẹyọ kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ohun ìjọba kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lẹ́yìn ọgbà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí rírà àti títa ohun ìjọba, ti 2007, là á kalẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ díye lé ohun tí wọ́n fẹ́ tà, kí títà rẹ̀ sì jẹ́ ní gbangba, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lè du ú. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin tirẹ̀. Àga tó ní nọ́ńbà ìjọba lábẹ́, tí kò sì ní rìsíìtì gbàǹjo, lè kó olówó rẹ̀ sí wàhálà.

Òfin kejì kan àga tí ọwọ́ àwọn tiwa gbẹ́. Òfin Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí Orílẹ̀-Èdè ka iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì ka èyí tí wọ́n ti lò fún ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀, tó sì níye lórí ní ti ìtàn tàbí ọnà, mọ́ ọn láìwo ọdún tí wọ́n ṣe é. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rà fún ẹni tí àjọ náà kò fún láṣẹ, kò sì ṣeé gbé jáde nílùú láìgba ìwé. Àga ilé lásán láti Lọ́ńdọ̀nù kò sí nínú èyí. Àga ààfin, àga ilé òrìṣà, tàbí èyí tó bá ní ère lára ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Kí wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ lọ sí Mùsíọ́ọ̀mù Oníkan kí owó tó kúrò lọ́wọ́, pàápàá tí ẹni tó fẹ́ rà á bá ń gbé òkè òkun.

Bí yóò ṣe bá ilé mu

Gíga ìjókòó àga ìdí tábìlì oúnjẹ sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 43 sí 46. Àga àtijọ́ tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ó rà nísàlẹ̀, lè má tó 40, ẹni tó bá jókòó sórí rẹ̀ ní tábìlì á máa jẹun bí ọmọdé. Kí olùrà mú téèpù dání, kí ó sì wọn ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ pẹ̀lú; àga ńlá olápá kì í gba gbogbo ilẹ̀kùn fúláàtì.

Kéènì kò fẹ́ kí ó gbẹ jù, kò sì fẹ́ kí ó tutù jù. Iwájú ẹ̀rọ amúlétutù ni ibi tó burú jù lọ fún un, lẹ́yìn náà ni fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọ̀. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n máa fi àkísà tútù nu abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà òjò, kí wọ́n fà á kúrò lára ògiri, kí funfun má baà hù sẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tàbí orúnkún gun orí rẹ̀ láti so kọ́tìnì; odindi ara tó jókòó kò lè já a, gìgísẹ̀ kan lè já a. Ilé tí ọmọ kéékèèké pọ̀ sí á ṣe dáadáa tó bá mú àga tí kéènì rẹ̀ wà lẹ́yìn nìkan, tí ìjókòó rẹ̀ sì jẹ́ tìmùtìmù.

Ìdun ni ohun tó kẹ́yìn, kò sì kéré. Ihò etí ìjókòó àti abẹ́ ọ̀já tó bò ó jẹ́ ilé tó wu ìdun púpọ̀, ó sì lè wà láìjẹun fún oṣù pípẹ́. Àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá tààrà. Kí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n máa fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ihò rẹ̀ wò lálẹ́, kí wọ́n sì wo àmì dúdú bí ojú bírò lára igi. Bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n pe àwọn apakòkòrò kí àga náà tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ní ti iye àga, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra odindi mẹ́fà, kí ó ra méjì tí igi wọn yè kooro. Èyí tó kù á ṣì máa jáde láti ilé àwọn àgbà Ìkẹjà.